Ọwọ́ Tó Mọ Ibi Tí Máíkì Ń Gbé

Nílùú Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, kò sí òde ìyàwó tàbí ìsìnkú àgbà tí ẹ kò ní í rí ẹni tó gbé kámẹ́rà dání. Èmi kì í wo kámẹ́rà wọn mọ́. Ibi tí wọ́n bá fi máíkì sí ni mo ń wò, pàápàá nígbà tí bàbá tí ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀ bá fẹ́ sọ ìtàn ìdílé, tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì sì ń pariwo.

Mo wo ọ̀kan nínú wọn lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọ̀kà. Kò tíì yọ kámẹ́rà nínú àpò tó ti dúró láàárín pálọ̀, tó ń fetí sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa fáànù. Ó ti fèrèsé tó kọjú sí títì, nítorí ọkọ̀ tó bá ń gun òkè Ọ̀kà kì í dákẹ́. Ó wo ògiri tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ó bá ní kí wọ́n gbé àga bàbá sún mọ́ kọ́tìnì, kí ohùn má baà máa gbá ògiri padà wá.

Ó wá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ n fi nǹkan kékeré yìí sára aṣọ yín.” Gíní tí wọ́n fi sítáàṣì sí ni agbádá bàbá, bí wọ́n bá mí, aṣọ á dún. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ apá agbádá sílẹ̀ láti èjìká sórí itan, ó sì fi máíkì há ibi ọnà ọrùn, níbi tí aṣọ ti le tí kì í mì, ìwọ̀n àtàǹpàkò sí ọmọńdinrín sí àgbọ̀n wọn. Ó ká okùn róbótó lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ibẹ̀, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú aṣọ, kí ẹsẹ̀ ẹni tó bá kọ okùn nílẹ̀ má baà fa máíkì lókè. Ìyẹn tó ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò kánjú rárá.

Kò ní kí bàbá ka “ení, èjì”. Ó béèrè orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Ohùn tí bàbá fi dáhùn yẹn gan-an ni wọn yóò fi sọ ìtàn. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín, ó wo fóònù tí máíkì so mọ́, ó rí i pé ìwọ̀n ohùn ti kan pupa, ó sì dín in kù kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ni máíkì ọ̀hún? Boya BY-M1 lásán ni, olókùn tó gùn tó mítà 6, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ rà. Iṣẹ́ James West, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, àti Gerhard Sessler, ọmọ Jámánì, ní ilé ìwádìí Bell Labs ní 1962 ló jẹ́ kí irú rẹ̀ dín owó: wọ́n rí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń pa iná mọ́ra fúnra rẹ̀, tí máíkì kò fi nílò iná ńlá mọ́. Jíjìnnà ló ń ba ohùn jẹ́ ju owó máíkì lọ. Bí ẹ bá fi máíkì sí ìlọ́po méjì ọ̀nà, agbára ohùn tó dé ibẹ̀ á ku ìdá kan nínú mẹ́rin.

Aláìlókùn wà lọ́jà o, ó sì dára fún ẹni tó ń rìn kiri láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkùngbá. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá Wi-Fi àti Bluetooth ná, ó lè máa já níbi tí fóònù bá ti pọ̀. Bọ́tìnì ara wọn tí wọ́n ní ó ń pa ariwo, mi ò fẹ́ràn rẹ̀: ó máa ń gé ìparí ọ̀rọ̀ ẹni tí ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀. Ní Àkókó, tí ìsọ̀rọ̀ Ìkàrẹ́ kò bá ti Ọ̀kà mu, tí ti Arígídì sì tún jẹ́ èdè mìíràn pátápátá, ta ni yóò bá wa tún ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ gbé mì kọ?

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ mú fóònù yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo ẹnu okùn: ti fóònù ní ìlà dúdú mẹ́ta, ti kámẹ́rà ní méjì. Bí fóònù yín bá jẹ́ oníhò Type-C nìkan, ẹ dán ìsopọ̀ rẹ̀ wò níbẹ̀, nítorí òmíràn ń gbé orin jáde ṣùgbọ́n kì í gba ohùn wọlé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó máa gbà, kí ẹ dákẹ́. Bó bá ń hó ṣìì, ẹ dá a padà. Ẹ mì okùn níbi tó ti wọnú máíkì, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn á já. Olókùn tó bá yege ni kí ẹ rà, kí ẹ fi owó tó kù ra íyápíìsì, kí ẹ sì lọ gba ohùn àwọn àgbà ilé yín sílẹ̀ kí ọdún yìí tó parí.