Ewé Tó Dáhùn Ìbéèrè Tí A Kò Bi Í

Iṣẹ́ àwọn tó ń dán ewé wò fún àrùn jẹjẹrẹ wù mí púpọ̀, nítorí pé wọn kì í kánjú gba ewé gbọ́, wọn kì í sì í kánjú dà á nù. Ní ọdún 1952, ewé periwinkle kan ti Jàmáíkà dé Kánádà nínú àpò ìwé. Àgbo àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń fi ṣe ní Jàmáíkà. Olùṣèwádìí kan níbẹ̀, Robert Noble, fún eku mu, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn kò yẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ gún un sí wọn lára, kòkòrò àìsàn pa wọ́n. Ó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò: sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbógun ti àìsàn ti dín kù gan-an. Ohun tó lè dín sẹ́ẹ̀lì kù báyìí lè dín ti jẹjẹrẹ náà kù: inú ewé yìí ni òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Charles Beer, ti yọ vinblastine, oògùn jẹjẹrẹ, ní 1958.

Ẹnìkan lè ní àwọn àgbà ti mọ ewé tipẹ́, kí ni ti eku? Lóòótọ́, àwọn ló júwe ewé, ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ ni wọ́n júwe rẹ̀ fún. Bẹ́ẹ̀ ni pípa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú abọ́ àyẹ̀wò kò tíì tó; omi gbígbóná náà ń pa á. Kí ó pa á, kí ó dá ènìyàn sí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Títí dòní, dókítà á ka sẹ́ẹ̀lì funfun aláìsàn kí ó tó tún fún un ní vinblastine.