Àlàfo Tó Ń Jẹ́ Kí Rilé Sinmi

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Dugbe, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi bíi kí n jókòó ti Schmitt trigger, sẹ́kíìtì tó ń wo fólíìtì kó tó paná tàbí kó tàn án, kí n máa wá ibi tó yẹ kó ti paná àti ibi tó yẹ kó ti tàn án padà. Ibi méjèèjì kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Àlàfo àárín wọn ni iṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni Otto Schmitt, ọmọ Amẹ́ríkà, nígbà tó ṣe é ní 1934. Iṣan ara squid, ẹran inú òkun, ló ń fara wé, nítorí iṣan kì í jẹ́ ìpè láàbọ̀: yálà kó jẹ́ pátápátá, tàbí kó dákẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí rẹsítọ̀ ẹnu ọ̀nà bá jẹ́ 10k, tí èyí tó ń dá iná padà láti ẹ̀yìn jẹ́ 100k, tí ẹnu àbájáde sì ń lọ láti 0 dé fólíìtì 12, àlàfo á jẹ́ fólíìtì 1.2. Ẹ fi 1M rọ́pò 100k, ó di 0.12. Àwọn ọmọṣẹ́ á wá bi mí pé, “Ọ̀gá, èwo ni ká fi sí i?” Mo máa ń ní kí wọ́n lọ gbé mítà ná, kí wọ́n wo bí fólíìtì ṣe ń yí padà.

Ẹ wo bátìrì fólíìtì 12 nílé kan ní Bodija, lóru tí kò síná. Fáànù àti tẹlifíṣọ̀n fà á dé 10.5, ìnfátà gé e kó má bàa bàjẹ́. Bí lóòdù ṣe kúrò lórí rẹ̀, bátìrì á gbéra sókè fúnra rẹ̀, ó lè kọjá 11.5 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni cháàjì rẹ̀. Bí àlàfo bá jẹ́ ààbọ̀ fólíìtì, rilé, ìyẹn súìṣì tó ń gé iná tó sì ń so ó padà, á gbà pé ara bátìrì ti yá, á tàn án, lóòdù á tún fà á wálẹ̀. Kẹ́, kẹ́, kẹ́, títí ojú rilé á fi jó. Èmi máa ń gbé ìtànpadà dé 13, ibi tí sọ́là tàbí iná ìjọba nìkan lè gbé e dé. Gílóòbù ààbò kan ní Agbowo, tó yẹ kó máa tàn fúnra rẹ̀ bílẹ̀ bá ṣú, àmọ́ tó ń rí ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀, tó sì ń kú tó ń tàn, àìsàn kan náà ló ń ṣe é. Àlàfo gbọ́dọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yí padà lọ.

Ṣùgbọ́n fífẹ̀ náà ní ààlà. Ẹ̀rọ tó ń gé fíríìjì bí iná bá já sí fólíìtì 180 lálẹ́ ní àdúgbò Challenge, tó bá ń dúró de 220, ẹja á ti rà kó tó dé ibẹ̀. Níbẹ̀, mo máa ń fi ìtànpadà sí 195, màá wá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kún un kó tó tàn padà. Gáàsì inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ pàápàá nílò ìsinmi yẹn kí ipá rẹ̀ tó dọ́gba.