Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Kí Ẹnìkejì Lẹ́nu Ọ̀nà?

Ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú iṣẹ́ lámèyítọ́ kọ ọ́ pé kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orin kan lọ́dọ̀ wa tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ àlejò í kí, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Haus der Musik ti ìlú Vienna ló fi ṣe òdiwọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà ti di àkọ́sórí. Àwọn tí kò dé Vienna rí ti ń fi àtẹ̀gùn rẹ̀ búra. Ó tó kí a bi àtẹ̀gùn náà léèrè ohun tó mọ̀.

Ọdún 2000 ni wọ́n ṣí ilé náà, nínú ààfin àtijọ́ tí Otto Nicolai, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Vienna Philharmonic sílẹ̀ lọ́dún 1842, ti gbé rí. Bí àlejò bá ti ń wọlé ni yóò bá àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe bí ìka dùùrù pàdé. Ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn dáhùn. Ọmọdé á fò lọ, á fò bọ̀. Àgbàlagbà tó ń ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan á yọ́ padà sẹ́yìn láti tún un tẹ̀. N kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú: ẹni tí kò fọwọ́ kan dùùrù rí ti di aludùùrù kó tó dé òkè. Ṣùgbọ́n olórin tẹ̀ ẹ́, ohùn kan náà ni. Ọlọ́fọ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn kan náà ni. Bí ewúrẹ́ bá gùn ún, yóò dún.

Ohun tó dùn jù nínú ilé yẹn wà lókè. Níbẹ̀, àlejò á mú ọ̀pá adarí orin lọ́wọ́, ẹgbẹ́ Philharmonic inú àwòrán á sì máa sáré tàbí kí wọ́n máa falẹ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe ń lọ. Bí ó bá ṣe é lódì, wọn á dáwọ́ dúró, wọn á sì sọ ọ́ sí i lójú. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ nìyẹn! Ẹlẹgbẹ́ mi kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Àtẹ̀gùn ti gba gbogbo ojú rẹ̀.

Onílù ẹnu géètì ààfin Ọ̀yọ́ kò nílò wáyà kó tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àlejò ṣe ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán ni ìlù ti ń sọ fún ọba ẹni tó ń bọ̀. Oríkì lù, orí àlejò wú, ọwọ́ wọ àpò, ìlù tún yí padà. Ìlù tó mọ èèyàn ni mo ń pè ní ìkíni.

Níbí ni mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ sí tẹ́lẹ̀, àmọ́ Kalakuta, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fela olórin Afrobeat, kò jẹ́.

Kí n kọ́kọ́ tún àṣìṣe kan ṣe: ilé tí àwọn sójà dáná sun ní oṣù Èrèlé 1977 kọ́ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí. Ìtòsí Mọ́ṣáláṣí nìyẹn wà. Èyí ni ilé òpópónà Gbemisola n'Ìkẹjà, tí wọ́n ṣí fún aráyé lọ́dún 2012. Sàréè Fela, tó kú lọ́dún 1997, wà níwájú ilé. Ọkùnrin tó sọ ara rẹ̀ ní Aníkúlápó ló sùn síbẹ̀, tí àlejò gbọ́dọ̀ bá pàdé kó tó rí bàtà àti aṣọ rẹ̀ nínú yàrá. Kò sí bọ́tìnì kankan láti tẹ̀. Síbẹ̀, ẹnì kan á ṣí fìlà. Ẹlòmíì á na ìkúùkù méjèèjì sókè bí Fela ti máa ń ṣe. Ẹlòmíì á rẹ ohùn sílẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Èmi náà ti ṣìnà, nígbà náà. Mo ti ń wá ohun tí yóò kí àlejò, bí ẹni pé wọn ò tọ́ mi nílé. Ẹni tó ń wọlé ló ń sọ pé “Ẹ kú ilé o”. Lẹ́yìn ìyẹn ni onílé ń dá a lóhùn pé “Ẹ káàbọ̀”. Àtẹ̀gùn Vienna ti dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó kí i. Sàréè Ìkẹjà ń dúró de tiwa.

Tí wọ́n bá wá fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí Gbemisola dandan, kí ó jẹ́ èyí tó lè dákẹ́ títí àlejò yóò fi kí ilé. Kí ẹlẹgbẹ́ mi lọ bá wa wá irú rẹ̀ ní Vienna.