Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Ìwádìí Àwọn Olùkọ́ Ìmọ̀ Ilé-Ìkàwé: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

Ojú ọ̀nà Ìdírókò, bí ènìyàn bá ti Ojú Òrè bọ̀, ni Yunifásítì Bells àti ti Covenant wà ní Ọ̀tà. Ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, bí ó ti rí ní ti ìjọba, iye bébà tí olùkọ́ tẹ̀ jáde àti iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí i sábà máa ń wúwo nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ ìmọ̀ ilé-ìkàwé ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ìdí iṣẹ́ tirẹ̀ ni òṣùwọ̀n náà ti wá. Eugene Garfield, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ilé-ìkàwé ní Columbia, ló gbé atọ́ka ìtọ́kasí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì jáde ní 1964, kí ẹni tó ń wá ìwé lè tọ ipasẹ̀ bébà kan dé òmíràn. Irinṣẹ́ ìwákiri ni. Ìgbà tó yá ni wọ́n sọ ọ́ di ìwọ̀n ènìyàn. Ní 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, fi h-index kún un: ẹni tó ní bébà márùn-ún tí wọ́n tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà márùn-ún ó kéré tán, márùn-ún ni tirẹ̀, àfi bí ó bá ní mẹ́fà tó dé mẹ́fà. Èyí tí ẹnìkan dá kọ àti èyí tí ènìyàn mẹ́fà pawọ́ pọ̀ kọ, ọgbọọgba ni. (Ojúsàájú náà kò sàn jù ú lọ, ká sòótọ́.)

Ká ní olùkọ́ kan ṣe ìwádìí lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Sàngó-Ọ̀tà ṣe ń rí ìwé kà lẹ́yìn iṣẹ́, tó sì kọ ọ́ ní Yorùbá. Scopus kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ èdè náà. Àkọlé àti ìsọnísókí ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n ìtọ́kasí tó bá ti inú jọ́nà tí kò sí lákọsílẹ̀ rẹ̀ wá, kò ní kà á. Bí ilé-ìkàwé kan bá tìtorí iṣẹ́ náà ṣílẹ̀kùn di alẹ́, ìyẹn pẹ̀lú kò sí nínú ìṣirò.

Ìkéde San Francisco ti 2012 ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi òṣùwọ̀n jọ́nà ṣe ìdíyelé iṣẹ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù ni kí ìgbìmọ̀ ìgbéga ka bébà mẹ́ta tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ yàn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ti Yorùbá, kí ẹni tó lè ka Yorùbá jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà.