Ìjàpá gẹ́gẹ́ bí Olú-ẹ̀dá-ìtàn: Ìfanimọ́ra Ìtàn Ìrìnàjò Ẹranko

Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), ènìyàn ni Fágúnwà rán lọ sígbó. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé Ògòǹgò, ọba ẹyẹ. Inú àlọ́ ni ẹranko ti ń rin ìrìnàjò tirẹ̀, bí Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá ṣe (1973) ti fi hàn. Ìjàpá kò yára, kò lágbára, ọ̀kánjúwà sì ni; síbẹ̀ òun ni ọmọdé ń tẹ̀lé.

Nínú àlọ́ tí tọmọdé tàgbà mọ̀, Ìjàpá bu àsáró gbígbóná sínú fìlà nílé àna rẹ̀, ó dé e, orí rẹ̀ bó, ó sì pá. Bí ó bá ṣe pé ọmọ ènìyàn ni, àánú ni yóò ṣe olùgbọ́. Nítorí pé Ìjàpá ni, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, ojúkòkòrò tiwọn sì fara hàn wọ́n láìsí ìtìjú. Ọmọ abúlé Olódò tó ti rí ìjàpá tó fa orí wọnú ìkarahun lóko tún gbádùn rẹ̀ ju ọmọ ìgboro lọ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ba ìtàn jẹ́: orí kò tíì bó tán tí wọ́n fi ń bèèrè ẹ̀kọ́ tí àlọ́ náà kọ́ni. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni èyí: kí ni Ìjàpá ń sọ fún àna rẹ̀ nígbà tí àsáró ń jó o lórí?