Òòyì Kì Í Ṣe Àfiwé Lásán

Alẹ́ Sátidé kan la kóra jọ sí yàrá ẹ̀gbọ́n wa kan láti wo Vertigo, fíìmù tí Alfred Hitchcock gbé jáde ní 1958. A ti ń gbọ́ òkìkí rẹ̀ tipẹ́. Ní 2012, àwọn lámèyítọ́ tí ìwé ìròyìn Sight and Sound ní kí wọ́n dìbò sọ pé òun ni fíìmù tó dára jù lọ láyé. Nígbà tó dé ibi tí Scottie ti ń gun àtẹ̀gùn ilé agogo, tó bojú wo ìsàlẹ̀, tí àtẹ̀gùn náà sì ń nà lọ bí ẹni pé kò nípẹ̀kun, gbogbo wa dákẹ́ lọ gbári. Ẹ̀gbọ́n wa nìkan ló bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìyẹn kọ́ ni òòyì o. Ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin yẹn."

Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Multiple sclerosis, tí gbogbo ayé ń pè ní MS, ni wọ́n ń bá gbé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn wa. A padà lọ ka ìwé, a wo fíìmù tó mẹ́nu ba òòyì àti MS, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé òòyì gan-an ni wọ́n ń sọ, àbí wọ́n kàn ń fi í ṣàfiwé nǹkan mìíràn?

Ká kọ́kọ́ fún Hitchcock ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú ìran yẹn: wọ́n ń fa kámẹ́rà sẹ́yìn, wọ́n sì ń fi lẹ́ǹsì fa àwòrán súnmọ́ wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ilẹ̀ ń sá lọ. Ṣùgbọ́n òòyì Scottie ń dúró dè é lókè ni. Bí kò bá gòkè, kò sí wàhálà. Ti ẹ̀gbọ́n wa ò bèèrè òkè. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Wọ́n kàn yírí sí ẹ̀gbẹ́ kan ni, àjà ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó. Wọ́n dijú, ó ṣì ń yí. Wọ́n di bẹ́ẹ̀dì mú títí tí ìka fi ń ro wọ́n.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ò ṣòroó yé. Nínú MS, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa gbógun ti àrùn ló ń kọjú ìjà sí myelin, ohun tó bo àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ, bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà iná. Tí wáyà bá ti bó, iṣẹ́ tí a rán kì í dé bó ṣe yẹ. Tí ibi tó bó bá jẹ́ ibi tí ọpọlọ ti ń ṣètò bí ara ṣe ń dúró láì ṣubú, ara á dúró sójú kan, ọpọlọ á sì gbà pé gbogbo ayé ló ń yí.

Ìwé tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fúnni lórí ọ̀rọ̀ yìí ni The White Album ti Joan Didion, ará Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1979. Nínú àròkọ tó fún ìwé náà lórúkọ, Didion fi ìwé àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ kọ nípa òun fúnra rẹ̀ hàn wá: òòyì kọ́ ọ, èébì ń gbé e, ó ń ṣe é bíi pé ó fẹ́ dákú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1968 ni, ọdún tí wọ́n pa Martin Luther King àti Robert Kennedy. Ìdájọ́ tí Didion wá ṣe ni pé, tí èèyàn bá wo bí ìgbà yẹn ṣe rí, òòyì ò ṣàjèjì rárá.

Ó dùn ún kà. Òun náà ló sì ń bí wa nínú díẹ̀. Ara obìnrin kan di ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ìlú. Nígbà tó ṣe, dókítà tún sọ fún un pé MS ló wà lára rẹ̀. Ó gbà á nímọ̀ràn pé kó máa rọra gbé ayé, ó sì fi kún un pé kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ìyẹn á ṣe ìyàtọ̀ kankan. Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ṣùgbọ́n Didion ò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ tó fi sọ ọ́ di ìtàn ọkàn rẹ̀: ohun tó ń ṣe ọkàn òun náà ló wá ń ṣe ara òun. Ara tirẹ̀ ni, a ò lè bá a jà. Àmọ́ nígbà tí a ka ibẹ̀ sókè, ẹ̀gbọ́n wa bi wá pé, "Tí mo bá ní ìlú ló ń yí, ta ló máa wá gbé mi dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

Nancy Mairs, tí òun náà ní MS, kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn ní tààrà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gan-an ni àròkọ rẹ̀, "On Being a Cripple", tó wà nínú Plaintext ti 1986, ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé báàgì, ó mú ọ̀pá, ó fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ló bá ṣubú sẹ́yìn sórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ìlú kankan tó ń yí níbẹ̀. Ó wá yan orúkọ líle fún ara rẹ̀, èyí tí a lè pè ní "arọ", torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òun mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ò gba "arọ" yẹn fún ara tiwọn o, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká tún ìṣubú yẹn kà lẹ́ẹ̀mejì.

Introducing, Selma Blair, fíìmù tí Rachel Fleit gbé jáde ní 2021, náà gbìyànjú. Kámẹ́rà ò sá nígbà tí ohùn Blair ń já tàbí nígbà tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun tó hàn síta ni kámẹ́rà lè mú. Ẹni tí òòyì ń kọ́ lè sùn kalẹ̀ láì mira, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rò pé ó ń sinmi ni. Níbẹ̀, àfi ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tiwa ń kọ́? Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí nǹkan ń ṣe ló máa ń jẹ́ olùwà gbólóhùn, bí ẹni pé ìwà rẹ̀ ni. Ní Yorùbá, ebi ló ń pa mí, òtútù ló ń mú mi, òòyì ló ń kọ́ mi. Òòyì ni olùwà, èmi ni àbọ̀. Gírámà wa ti gbà ṣáájú kí dókítà tó dé pé ẹni yìí kọ́ ló fà á. (A mọ̀ pé ẹnì kan á fẹ́ sọ pé òòyì ń "kọ́" èèyàn lọ́gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.)

Ṣùgbọ́n àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Òòyì kan náà la fi ń pe ti ebi, ti oòrùn, ti ọtí àti ti ìfẹ́. Torí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa ní òòyì ń kọ́ àwọn, èsì ò ju mẹ́ta lọ: "Ẹ jẹun", "Ibà ni", "Ẹ̀jẹ̀ yín ò tó". MS ò wọ́pọ̀ ní apá ibi tiwa bó ṣe wọ́pọ̀ níbi tó jìnnà sí agbede-méjì ayé, kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ rò ó. Àwọn fíìmù àgbéléwò wa náà ò ràn wá lọ́wọ́. Ẹnì kan á dirí mú, á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á ṣubú. Ìran tó tẹ̀ lé e, ìyàwó bàbá ń rẹ́rìn-ín nídìí ìkòkò. Òòyì ò rí àyè jẹ́ òòyì rí.

Kí ló wá burú nínú àfiwé? Ó ń jẹ́ ká mọ ìdáhùn kó tó di pé a béèrè. Ní ọdún tó kọjá, òòyì tún gbé ẹ̀gbọ́n wa dè. Wọ́n sunkún, wọ́n rò pé MS ti bó wáyà tuntun. Dókítà bi wọ́n: ìgbà wo ló ń dé? Ó ń pẹ́ tó? Ẹ̀gbẹ́ wo lẹ yíjú sí? Ó dá wọn dùbúlẹ̀, ó rọra ń yí orí wọn láti apá kan sí ìkejì. Àwọn kóró wẹ́wẹ́ inú etí ló kúrò láyè wọn, ohun tó ń bá ẹni tí kò ní MS náà jà. Ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ. Kì í ṣe gbogbo òòyì tó bá ẹni tó ní MS ni MS fà, àfi tí ẹnì kan bá béèrè la lè mọ̀.

Ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, àti lọ́wọ́ ara wa, ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó sọ pé Nàìjíríà ni òòyì ń kọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì pé ẹ̀gbẹ́ wo ló yíjú sí.

A padà parí Vertigo lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Fíìmù tó dára ni lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà.