Ìwé Ìtàn Johnson àti Ìbéèrè Ta Ni Í Jẹ́ Yorùbá

Nínú gbogbo ìwé tí ọmọ Yorùbá ti kọ nípa Yorùbá, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí àwọn olùkọ́ gbójú lé tó The History of the Yorubas, tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ní ọdún 1897 ni ó parí rẹ̀. Ní ọdún 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, síbẹ̀ inú odò kan náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn kéékèèké tí àwọn ọmọ ń kà ní ilé-ẹ̀kọ́ ti ń bu omi. Bí olùkọ́ kan ní Kánò tàbí ní Calabar bá fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ẹni tí Yorùbá í ṣe, ohun tí Johnson wí ni yóò sọ, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé Johnson ni ó wí i. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a yẹ ìwé náà wò fínnífínní. Kí ni ó sọ? Ẹnu ta ni ó ti gbọ́ ọ? Kí ni àwọn olóṣèlú sì ti fi ṣe?

A kì í mọ iyì iṣẹ́ láìmọ òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1846 ni a bí Samuel Johnson ní Hastings, ní ilẹ̀ Sierra Leone, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ìdílé rẹ̀ ka ara wọn sí ọmọ-ọmọ Aláàfin Abíọ́dún. Ìbàdàn ni ó dàgbà sí. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Ó padà wá ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ó sì jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1901. Nígbà Ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì parí títí di 1893, ó wà lára àwọn tí ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà kiri láàárín Aláàfin, àwọn ará Ìbàdàn àti Gómìnà Èkó. Ìwé àfọwọ́kọ tí ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba sọnù, kò sì rí i mọ́ títí ó fi jáde láyé. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, tí ó sì tún ìwé náà kọ. Ẹni tí ó bá gbé èyí sọ́kàn yóò tètè rí ibi tí ojú òǹkọ̀wé náà ti ń wo ayé: láti Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni.

Bí a bá kà á dáadáa, ìwé méjì ni ó wà nínú ìwé kan ṣoṣo yìí. Èkínní ni ìtàn ìpìlẹ̀ṣẹ̀. Èkejì ni ìtàn àwọn ogun tí ó jà láàárín àwọn Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwé méjèèjì kò dọ́gba ní iyì, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a fi ojú kan náà kà wọ́n.

Nínú ìtàn ìpìlẹ̀ṣẹ̀, Johnson wí pé láti Mẹ́kà ni Odùduwà, ọmọ Lámúrúdu, ti wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ-ọmọ méje tí wọ́n di ọba tàbí ìyá ọba. Nígbà tí wọ́n pín ogún, ọba Benin kó owó, Ọ̀ràngún Ìlá gba àwọn aya, Onísábẹ gba ẹran ọ̀sìn, Olúpópó gba ìlẹ̀kẹ̀, Olówu gba aṣọ, Alákétu gba adé. Ilẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́kù fún Ọ̀rányàn tí í ṣe àbíkẹ́yìn, tí ó sì jẹ́ baba ńlá àwọn Aláàfin. Ọmọdé tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lè káàánú Ọ̀rányàn. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà rọra rò ó. Owó a máa tán, aṣọ a máa gbó, ẹran ọ̀sìn a máa kú. Ilẹ̀ ni kì í tán. Ìtàn náà kò tilẹ̀ fi èyí sílẹ̀ fún òye olùgbọ́, nítorí ó sọ gbangba pé àwọn ẹ̀gbọ́n Ọ̀rányàn di ayálégbé lórí ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n jogún san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Ìtàn yìí ju ìtàn ogún pínpín lọ. Ìwé ẹ̀rí ni: òun ni ààfin Ọ̀yọ́ fi ń sọ pé tèmi ni gbogbo ilẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tí ó bá gun orí ebè. Ebè tí Johnson gbé Ọ̀yọ́ lé lórí hàn ní ibòmíràn pẹ̀lú. Ìjẹ̀bú kò sí láàárín àwọn ọmọ méje náà. Ìjẹ̀ṣà kò sí. Èkìtì kò sí. Nígbà tí ó sì dé orí orúkọ wọn, ó túmọ̀ Ìjẹ̀bú sí oúnjẹ ibú, ó túmọ̀ Ìjẹ̀ṣà sí oúnjẹ òrìṣà, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé láti ara àwọn tí a fẹ́ fi rúbọ ni ìlú méjèèjì ti ṣẹ̀. Ọ̀ọ̀ni Ifẹ̀ pàápàá, ó sọ ọ́ di ìran ọmọ ẹrúbìnrin kan tí a yàn fún ẹbọ, tí a fi sílẹ̀ kí ó máa tọ́jú ojúbọ nígbà tí àwọn ọmọ ọba ti lọ. Ifẹ̀ kò gba èyí rí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo bí ó ti ṣe déédéé tó: gbogbo ẹni tí ó lè bá Ọ̀yọ́ du ipò ni ó di ohun ìrúbọ tàbí ọmọ ẹrú. Irú ìṣedéédéé bẹ́ẹ̀ kì í wá nípa àṣìṣe. Àwọn arókin ààfin Ọ̀yọ́ ni Johnson gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn, iṣẹ́ arókin sì ni láti gbé olúwa rẹ̀ ga. A kò lè bá arókin jà nítorí pé ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bi wà lọ́rùn ẹni tí ó bá gbọ́ ti arókin kan, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohùn gbogbo ìlú, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí èyí bo iyì apá kejì mọ́lẹ̀. Nígbà tí Johnson dé orí ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá ní Ìlọrin, ìparun Òwu, ìfọ́ Ọ̀yọ́ Ilé, ogun Ìjàyè ti 1860 sí 1862 àti Ogun Kírìjí, ohùn rẹ̀ yí padà. Níbí ni ó ti sọ ohun tí ó fojú ara rẹ̀ rí, tàbí tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n di ohun ìjà mú. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni ó ti dàgbà, kò fi ìwà ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ilẹ̀ Èkìtì pamọ́. Ó sọ ọ́ kedere pé ìnilára yìí ni ó mú kí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀ láti dìde ogun. Òǹkọ̀wé tí ó lè dá ilé ara rẹ̀ lẹ́bi báyìí kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó dun Johnson pé àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Róòmù, wọn kò sì mọ ti ìlú baba wọn. Ó sì ń fẹ́ kí àwọn ọmọ Yorùbá di ọ̀kan. Ìfẹ́ ọkàn yìí gan-an ni ó fa ìṣòro ìwé náà: ó ń fẹ́ kí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé Ọ̀yọ́ ni ó fẹ́ kí wọ́n ti jẹ́ ẹ.

Àwọn kan wà tí wọ́n ti tìtorí èyí wí pé kò sí ohun tí ń jẹ́ Yorùbá rí, àwọn oníwàásù àti àwọn òyìnbó ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ̀rí tí wọ́n mú wá kì í ṣe kékeré. Àwọn Haúsá àti àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ìhà àríwá ni a kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wọn, àwọn ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fi pè. Ní Sierra Leone, Àkú ni a ń pe àwọn ènìyàn wa, nítorí ìkíni wọn. Ní Cuba, Lucumí ni wọ́n. Ní Brazil, Nagô. Samuel Àjàyí Crowther ni ó fi orúkọ Yorùbá sórí ìwé ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ ní 1843, àti láti ìgbà tí a ti túmọ̀ Bíbélì tán ní 1884 ni èdè kan ti wà tí ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Èkìtì jọ ń kà. Johnson pàápàá, nígbà tí ó bá fẹ́ sọ ojúlówó Yorùbá, Ọ̀yọ́ nìkan ni ó ń tọ́ka sí.

Síbẹ̀, orúkọ ni tuntun, ìbátan kì í ṣe tuntun. Kí oníwàásù tó dé ni babaláwo Ìjẹ̀ṣà ti lè dá Ifá fún ará Kétu kí wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Kí a tó tẹ ìwé kankan ni ọba tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn sí Ifẹ̀ ti ń wí pé Ifẹ̀ ni adé òun ti wá. Èyí ni ìbátan. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìbátan, ọ̀tọ̀ ni ìjọba. Kò sí ọjọ́ kan tí gbogbo àwọn ìlú wọ̀nyí sin ọba kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ Aláàfin, ì báà jẹ́ ẹlòmíràn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ìṣèlú ti gba wọlé.

Ní ọdún 1945 ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní London. Ní 1948 ni a ṣí i ní gbangba ní Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú orúkọ náà. Wọ́n fo Ọ̀rányàn àti ilẹ̀ tí ó jogún, wọ́n lọ mú baba tí gbogbo ilé lè jẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti fi ebè Ọ̀yọ́ sílẹ̀ nínú apá èkínní ìwé Johnson, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ pátápátá: wọ́n ṣe bí ẹni pé ìṣọ̀kan ti wà rí, tí ó kàn sọnù. Ní 1951 ni ẹgbẹ́ Action Group jáde ní Ọ̀wọ̀. Kò pẹ́ tí ìrántí ìlú kọ̀ọ̀kan fi jí. Ìbàdàn tẹ̀lé Adégòkè Adélabú lọ sínú ẹgbẹ́ NCNC, àwọn ìlú mìíràn sì ṣe bẹ́ẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé NCNC ni ó rí ìjókòó púpọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Ní ọdún kan náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, tí ó sì yọrí sí pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yọ Aláàfin Adéyẹmí Kejì kúrò lórí ìtẹ́. Ìjọba àwọn ọmọ Odùduwà ni ó lé àrólé Ọ̀rányàn jáde kúrò ní ààfin. Bí ìwé Johnson bá jẹ́ ìwé òfin ni, kì bá ti ṣeé ṣe.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1962 tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́ àti Ládòkè Akíntọ́lá ti Ògbómọ̀ṣọ́ pín yà. Rúgúdù ṣẹlẹ̀ nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn ní oṣù karùn-ún. Ìjọba àpapọ̀ sì gba àkóso ẹkùn náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìran nìkan ni ó dá ìjà yìí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ agbára àti ọ̀rọ̀ bóyá kí a bá ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba ní Àríwá rìn wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìhà kejì náà dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin sílẹ̀ láti fi dojú kọ Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà. Baba kan náà ni Ọlọ́fin àti Odùduwà. Àwọn ọmọ pín orúkọ baba sí méjì, wọ́n sì fi ọ̀kan lu èkejì. Lẹ́yìn ìdìbò 1965, ilé ń jó, ènìyàn ń kú, títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní oṣù kìíní ọdún 1966.

Ààlà pẹ̀lú kọ̀ láti bá ìtàn dọ́gba. Ìlọrin àti Kàbà wà ní ẹkùn Àríwá ní gbogbo ìgbà tí Ìwọ̀-Oòrùn fi jẹ́ ẹkùn. Kétu àti Sábẹ ti bọ́ sí abẹ́ àkóso Faransé, wọ́n sì wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. A fọ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta ní 1976. Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991, Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní 1996. Ẹni tí ó bá ka apá kejì ìwé Johnson kì yóò yà sí èyí lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ka apá èkínní nìkan yóò máa wá ọ̀dàlẹ̀ tí ó tú ilé ká.

Kí ni kí olùkọ́ ṣe, nígbà náà? Kí ó má ṣe sọ ìwé Johnson nù, nítorí kò sí àfirọ́pò rẹ̀. Kí ó pe ìtàn ogún pínpín ní orúkọ tí í ṣe tirẹ̀: ìtàn ààfin Ọ̀yọ́. Kí ó gbé ìwé àwọn ìlú mìíràn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí I. B. Akínyẹlé tẹ̀ jáde ní 1911, ìtàn Abẹ́òkúta tí Ajísafẹ́ kọ, àti ìtàn Benin tí Jacob Egharevba kọ ní àwọn ọdún 1930. Bí ọmọ Edó bá wà nínú kíláàsì, kí a bi í léèrè ohun tí wọ́n ń wí nílé wọn nípa Ọ̀rányàn. Bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá wà níbẹ̀, kí a rán an lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà ohun tí orúkọ ìlú rẹ̀ túmọ̀ sí. Bí ìdáhùn wọn kò bá bá ti Johnson mu, olùkọ́ kò gbọdọ̀ yára sọ pé wọ́n ṣì í. Àìdọ́gba yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́.

Ọmọ tí a bá kọ́ pé ilé kan ni gbogbo ilé yòókù ti ń yá ilẹ̀ yóò dàgbà di olóṣèlú tí ń béèrè ìṣákọ́lẹ̀. Ọmọ tí a bá kọ́ pé ìbátan wà, pé ìjà ti wà láàárín ìbátan, pé kò sí ẹni tí ó jogún gbogbo ilẹ̀, ni ó lè bá ọmọnìkejì rẹ̀ jókòó láti jíròrò bí a ó ti jọ máa gbé. Johnson fúnra rẹ̀ lo ọdún púpọ̀ láti máa gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti àgọ́ ogun kan sí èkejì. Apá ìwé rẹ̀ tí ó wá láti inú ìrìn àjò yẹn ni ó yẹ kí a máa kà sókè jù ní kíláàsì.